Ọmọ mi ń lo oògùn, wọ́n sì ń fòòró rẹ̀ níléèwé: èwo ni kí n kọ́kọ́ mójú tó?

Ìyá Ọmọ Mẹ́ta:
Ẹ jọ̀wọ́, ìmọ̀ràn yín ni mo ń wá. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún 15, ti dákẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Kì í jẹun dáadáa, kì í sì í sùn lóru. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo bá tramadol, oògùn ìrora tó lágbára, nínú báàgì rẹ̀. Bàbá rẹ̀ fẹ́ nà án, mo ní kó ṣe sùúrù. Nígbà tí mo yẹ fóònù rẹ̀ wò, mo rí i pé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ń fi àwòrán rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ lójoojúmọ́ lórí WhatsApp. Ṣé oògùn ni kí n kọ́kọ́ bá jà, àbí àwọn tó ń fòòró rẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Àgbà:
Ẹ kú ìrọ́jú, mà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nà án. Oògùn yẹn máa ń mú kí ìrora ọkàn fúyẹ́ fún wákàtí díẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọmọ tí inú rẹ̀ bàjẹ́ fi ń padà sí i. Ṣùgbọ́n bí ó bá pọ̀ lára, ó lè fa gìrì, bí wọ́n bá sì lò ó pọ̀ mọ́ ọtí, ó lè dá èémí dúró. Bí ó bá ti di ohun tó ń lò lójoojúmọ́, ẹ jẹ́ kí dókítà mọ̀ kí ó tó jáwọ́, nítorí pé ara ríro, ìgbẹ́ gbuuru àti àìsùn lè tẹ̀lé ìjáwọ́ òjijì. Ẹ bi í ní tààràtà bóyá ó ti ń ronú láti pa ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ òbí ń bẹ̀rù pé ìbéèrè yẹn ni yóò fi èrò náà sí ọmọ lọ́kàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, ẹ kó gbogbo oògùn ilé pamọ́, kí ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Olùkọ́ Kan:
Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ọ̀ràn iléèwé dúró dẹ̀yìn. Ìròyìn tí UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ètò ẹ̀kọ́, gbé jáde ní 2019 fi hàn pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lágbàáyé tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fòòró láàárín oṣù kan ṣoṣo. Láyé àtijọ́, bí aago iléèwé bá ti lù, ọmọ ti bọ́ lọ́wọ́ wọn. Fóònù ti jẹ́ kí wọ́n máa bá a dé orí ibùsùn. Ẹ tọ́jú àwòrán àwọn ọ̀rọ̀ náà kí wọ́n tó pa á rẹ́, kí ẹ sì kọ lẹ́tà sí ọ̀gá iléèwé, kí ọjọ́ wà lórí rẹ̀. Ẹ má gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ o! Lójú rẹ̀, òun lẹ ń fìyà jẹ, kò sì ní sọ fún yín mọ́ lọ́jọ́ mìíràn.

Ẹni Tó Ti Kọjá Níbẹ̀:
Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún 16, igbó ni èmi ń mu, kì í ṣe nítorí adùn rẹ̀, bí kò ṣe pé àwọn tó ń mu ún nìkan ni kì í fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá nà mí nílé, ọ̀dọ̀ wọn náà ni mo ń sá padà sí. Ẹ wádìí ẹni tó kọ́kọ́ fún un, mà, àti ohun tó ń rí lọ́dọ̀ ẹni náà.

Ìyá Ọmọ Mẹ́ta:
Ẹ ṣeun. Mo bi í lálẹ́ àná, a sì jọ jókòó títí ilẹ̀ fi ṣú gan-an. Kò ronú láti pa ara rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ló kọ́kọ́ fún un ní oògùn náà, tí ó ní bí ó bá gbé e mì, àwọn yóò fi í lọ́rùn sílẹ̀. Ọ̀la la ó rí dókítà. Lẹ́tà iléèwé ti wà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀.