Mo fẹ́ máa tún ọta ìbọn mi kì fúnra mi, kí ni mo máa kọ́kọ́ rà?

Ọmọ Ọ̀pẹ̀jì: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ọdẹ. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi ni mo fi gbé e wá síbí. Ọ̀yà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ oko gbágùúdá mi tán lọ́nà Ọ̀pẹ̀jì, ọta sì wọ́n bí ojú. Ẹni tó ń tà á fún mi kì í kí èèyàn mọ́, iye tó bá wù ú ló ń pè. Èyí tí mo rà kẹ́yìn, òmíràn nínú wọn kò dún rárá. Ọ̀yà gbójú sókè, ó wò mí, ó ń bá oúnjẹ rẹ̀ lọ. Àbúrò ìyàwó mi tó wà ní Texas ní wọ́n máa ń tún ọta kì nílé lọ́dọ̀ wọn, ó sì ti fi irin tí wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ nínú kọ̀ńténà. Ìyàwó mi ń pariwo pé irin ti gba tábìlì oúnjẹ mọ́ òun lọ́wọ́. Mo ti ṣa ìkaraun ọta tí mo ti yìn jọ, agolo Milo kan ti kún. Kí ló kù? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú mi.

Akọ́dẹ Ìbarà: Àbúrò, ìbọn wo? O sọ ti ìyàwó, o sọ ti irin, o ò dárúkọ ìbọn. Ṣé ṣakabùlà ni, àbí ẹlẹ́nu méjì, àbí ráífù?

Ìyá Ìbejì Adátán: Ẹran ìgbẹ́ lèmi ń tà. Ẹ bá mi bẹ àwọn ọdẹ kí wọ́n yé fi ọta kún ẹran. Oníbàárà kan gé ọta jẹ nínú ọbẹ̀, ọ̀dọ̀ mi ló gbé eyín tó kán wá.

Àgbà Òkè-Ọnà: Kí ló wá le níbẹ̀? Ọwọ́ la fi ń wọn ẹ̀tù sí ṣakabùlà láti kékeré, a ò ka ìwé kankan.

Ẹ̀gbá ní Houston: Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ohun tó ń pa èèyàn nìyẹn. Ẹ̀tù dúdú ti ṣakabùlà yàtọ̀ sí ẹ̀tù aláìléèéfín tó wà nínú ọta ráífù. Ẹ fi ojú wọn aláìléèéfín sí ṣakabùlà, kó bẹ́ mọ́ yín lójú. Níbí, ìwé tó sọ ìwọ̀n ẹ̀tù fún ọta kọ̀ọ̀kan la kọ́kọ́ ń rà ká tó ra irin kankan. Gíréènì la fi ń wọn ẹ̀tù, 7,000 ló wà nínú pọ́ọ̀nù kan, ẹ wo bó ṣe kéré tó. Tó bá pọ̀ jù, ìbọn á bẹ́. Tó bá kéré jù, ọta á há sínú ọ̀nà ìbọn, ẹni tí kò mọ̀ bá sì yin òmíràn tẹ̀lé e, ìbọn náà á bẹ́.

Àgbà Òkè-Ọnà: Tẹ́ ẹ bá ti dé òkè òkun, ẹ ò mọ ẹni tó mú yín wọ igbó mọ́.

Ẹ̀gbá ní Houston: Mo mọ̀ ọ́n, bàbá mi. Bàbá mi àgbà ni, àtàǹpàkò wọn kan ló sì kù sí igbó Olódó.

Ọmọ Ọ̀pẹ̀jì: Ẹ jẹ́ ká padà sí tèmi. Ti ẹ̀tù kò le, àna mi ní òun á wá nǹkan ṣe sí i. Ráífù kékeré ni, .22. Ọta rẹ̀ kò ju oríkèé ìka kan lọ.

Akọ́dẹ Ìbarà: Ẹn-ẹ́n. Mú ìkaraun kan nínú agolo yẹn, wo ìdí rẹ̀. Ibo ni abẹ́rẹ́ ìbọn ti gbá a, àárín àbí etí?

Ọmọ Ọ̀pẹ̀jì: Etí ni. Gbogbo wọn, etí ni.

Akọ́dẹ Ìbarà: Agolo yẹn ti di ti àwọn tó ń ra irin àlòkù. Inú etí ìdí rẹ̀ ni ilé iṣẹ́ ti da ohun tó ń tanná sí. Tí abẹ́rẹ́ bá ti tẹ ibẹ̀ wọlé, kò ṣeé yọ, kò ṣeé pààrọ̀. Èyí tí wọ́n ń gbá láàárín ni wọ́n ń tún kì. Àna rẹ kò bi ọ́ kó tó ra irin?

Ọmọ Ọ̀pẹ̀jì: Kò bi mí, èmi náà ò sì sọ. Ṣùgbọ́n irin ti dé. Ṣé kò ṣeé lò fún ìbọn mìíràn ni?

Ọmọ Kútọ̀: Ẹ̀gbọ́n, ẹ dúró ná. Òfin Ìbọn ọdún 1959 kò gbà kí èèyàn máa ṣe ọta nílé ní Nàìjíríà. Texas nìyẹn, Ọ̀pẹ̀jì rèé. Tí ọlọ́pàá bá bá irin àti ẹ̀tù lórí tábìlì, kí lẹ máa wí ní àgọ́ ọlọ́pàá Ẹlẹ́wẹ́rán? Ìwé ìbọn yẹn gan-an ńkọ́?

Ọmọ Ọ̀pẹ̀jì: Ìwé wà. Orúkọ bàbá mi ló wà lórí ẹ̀.

Ọmọ Kútọ̀: Bàbá ń bẹ láyé?

Ọmọ Ọ̀pẹ̀jì: Wọ́n ti papò dà kí n tó gbéyàwó.

Ọmọ Kútọ̀: Háà! Ẹ gbàgbé ọta. Wọn kì í jogún ìwé ìbọn. Ẹ wá agbẹjọ́rò kó tẹ̀ lé yín lọ, kí ẹ tó tún fọwọ́ kan ìbọn yẹn.

Àgbà Òkè-Ọnà: Pàkúté ni bàbá tèmi fi ń mú ọ̀yà.

Ọmọ Ọ̀pẹ̀jì: Bàbá, pàkúté mélòó ló máa ká oko tó tó yẹn?