Ìdáhùn: "Argo" kì í ṣe ẹnà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀gbọ́n wa tó ń túmọ̀ eré orí ìtàgé àwọn ará Túrkì ní kí á máa pe ohun tí wọ́n ń pè ní "argo", ìyẹn ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń sọ nígboro, ní "ẹnà". Èmi ò fara mọ́ ọn. Ẹnà ni kí ọmọdé máa pe "wá" ní "wágá", kí ọ̀rọ̀ má baà yé ẹni tó wà nítòsí. Ta ló wá máa sanwó wo eré tí kò ní yé e?

Ẹ wo Karagöz, eré òjìji tí wọ́n ń fi awọ gé ère rẹ̀. Ẹ̀dá inú eré náà méjì ni Hacivat àti Karagöz tó ni orúkọ eré. Hacivat á máa fọ èdè Ottoman, ìyẹn Túrkì ayé àtijọ́, ọ̀rọ̀ Lárúbáwá àti ti Páṣíà á kún un bámú. Karagöz á ṣì í gbọ́, á fi èsì ìgboro dá a lóhùn, ni èrò ìwòran bá bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tó bá yá, Tuzsuz Deli Bekir á mutí yó, á wọlé tòun ti ìhàlẹ̀. Kó tó lu ẹnikẹ́ni, ẹnu rẹ̀ á ti sọ irú èèyàn tó jẹ́.

Mo gbà pé láàrin àwọn jàǹdùkú, àṣírí wà nínú argo. "Aynasız", ìyẹn aláìnídígí, ni wọ́n ń pe ọlọ́pàá. Àmọ́ tó bá ti dórí ìtàgé, àṣírí ti tú. Nínú Keşanlı Ali Destanı, eré tí Haldun Taner kọ, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní 1964, àdúgbò àwọn tálákà tó fi òru kọ́lé ni Ali ti di akọni, nítorí ìpànìyàn tí kì í ṣe òun ló ṣe é. Bí ẹ bá jẹ́ kó máa sọ̀rọ̀ bí olùkọ́ èdè, ta ni yóò bẹ̀rù rẹ̀?

"Èdè ìgboro" ni tèmi. "Èdè jàǹdùkú" tí ẹlòmíì dábàá ti há jù, torí awakọ̀ àtẹlẹ́ja náà ń sọ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, "moruk" tí ẹ tú sí "bàbá àgbà" yẹn, ọ̀wọ̀ ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. "Arúgbó kùjọ́kùjọ́" ló bá a mu. Ní ti "racon", òfin àwọn ọmọ ìta, ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Àwọn Túrkì fúnra wọn, ọwọ́ àwọn ará Ítálì ni wọ́n ti yá a.