Ẹ̀yin ayàwòrán òkè àti igbó, kí ni ojú yín rí lójú ọ̀nà?

Ọmọ Òkè Sábẹ̀
Mo kí gbogbo ilé. Ìgbéyàwó àti òkú àgbà ni ó ń bọ́ mi, ṣùgbọ́n òkè, odò àti ẹranko inú igbó ni mo fẹ́ràn láti máa yà. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń rí àwòrán wa lórí fóònù a máa rò pé ìgbádùn ni à ń jẹ káàkiri, bẹ́ẹ̀ ẹni tí ó bá rí wa ní ibùdókọ̀ Dassa lọ́sàn-án gangan, tí eruku pupa bò wá láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, kò jẹ́ bẹ̀ wá pé kí a kọ́ òun níṣẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, kí kálukú sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí ní ilẹ̀ Benin wa, láti Àjàṣẹ́ ní gúúsù títí dé Natitingou ní àríwá.

Bàbá Táyé
Ẹ̀yìn mi ni ó yẹ kí ẹ bi léèrè, nítorí òun ni ó mọ gbogbo kòtò tí zẹ́mí, ọ̀kadà wa, já sí.

Adúnní Kajú
Ọ̀rọ̀ tèmi gùn díẹ̀, ẹ fara dà á. Inú oṣù kìn-ín-ní ni mo gun òkè Sábẹ̀, torí mo fẹ́ ya oòrùn bí ó bá ti ń yọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti wá síbí mọ̀ pé aago méje máa ń lù kí oòrùn tó yọ ní àkókò náà, nítorí náà òru ni èmi àti ọmọkùnrin tí ó mú mi lọ́nà ti gbéra. Lọ́jọ́ tí ó ṣáájú, mo ti lọ kí bàbá àgbà kan ní agboolé tí wọ́n júwe fún mi. Mo mú obì àti ọtí dání, bàbá ṣàdúrà fún mi, wọ́n sì sọ ibi tí n kò gbọdọ̀ kọjú kámẹ́rà sí. A dé orí àpáta, ọyẹ́ sì ti gbé oòrùn mì. Ilẹ̀ mọ́ kedere, ṣùgbọ́n a kò rí oòrùn títí ó fi gòkè, ó sì wá funfun bí ẹyin adìyẹ, débi pé ènìyàn lè tẹjú mọ́ ọn. Ọmọkùnrin náà ni mo wá yà: eruku ti sọ irun ìpéǹpéjú rẹ̀ di funfun, ètè rẹ̀ ti là, ó sì ń fi ìka kan pa òrí sí i díẹ̀díẹ̀ kí ó má baà ṣẹ̀jẹ̀. Àwòrán yẹn ni wọ́n rà lọ́wọ́ mi; ti òkè wà nílé títí di òní.

Ìsàlẹ̀ ni wàhálà wà. Bí a ti ń sọ̀ kalẹ̀, a bá ọkùnrin méjì láti agboolé mìíràn tí wọ́n dúró dè wá. Wọ́n ní àwọn ni àwọn ni òkè náà, pé bàbá tí mo lọ kí kò láṣẹ lórí rẹ̀, pé kí n san ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá sẹ́fà tàbí kí n pa gbogbo àwòrán rẹ́ lójú wọn. Mo bẹ̀bẹ̀, mo san ìdajì, wọ́n sì bá mi gbé àpò dé títì.

Ọmọ Ọdẹ
Àǹtí Adúnní, ẹ kú ìfaradà, ṣùgbọ́n ó dára bí ẹ ti san án. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Dàhọ̀mì ń kó wa lẹ́rú, àárín àpáta wọ̀nyẹn ni àwọn baba wa sá sí, a sì ń bọ ibẹ̀ títí di òní. Ẹni tí ó bá fẹ́ ya á kí ó lọ tà á fún Òyìnbó, kí ó fi nǹkan sílẹ̀.

Àjàṣẹ́ Kò Sùn
Àbúrò, ẹnikẹ́ni kò jiyàn ìtàn pẹ̀lú rẹ. Ohun tí mo ń bèèrè ni pé ta ni ó já ìwé owó fún Adúnní? Bí agboolé kìn-ín-ní bá gba obì, tí ìkejì gba owó, kí ni yóò dá ìkẹta dúró láti gba kámẹ́rà? Ilé iṣẹ́ mẹ́rì, olórí ìjọba ìlú, ni kí ènìyàn lọ, kí ó gbàwé, kí ó sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ọmọ Ọdẹ
Ẹ̀gbọ́n, ìwé mẹ́rì kò gun òkè rí.

Adúnní Kajú
Ẹ̀gbọ́n Àjàṣẹ́, ìwé mẹ́rì wà nínú àpò mi. Ọ̀kan nínú wọn gbà á, ó kà á sókè fún èkejì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ní òǹtẹ̀ ara rẹ̀ dára púpọ̀, ó dá a padà fún mi, ó sì ní kí n wá san owó.

Bàbá Táyé
Ẹ̀rín pa mí. Ọ̀mọ̀wé ni ọkùnrin náà.

Ọmọ Àkàbà
Ní Kétu níbí, ẹni tí ó bá fẹ́ ya Àkàbà Ìdènà mọ̀ pé ẹnu ọ̀nà tí ó rí ogun Dàhọ̀mì tí ó run ìlú ní 1886 ni òun dúró níwájú rẹ̀. Mo máa ń kí àwọn tí mo bá bá níbẹ̀, mo máa ń jókòó, mo sì máa ń bèèrè àlàáfíà ilé kí n tó ṣí àpò. Púpọ̀ nínú ìjà tí mo ti rí, orí ìkánjú ni ó ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe orí owó.

Àjàṣẹ́ Kò Sùn
Ẹnu odi ìlú ni ìwọ ń yà. Èwo ni ti òkè àti igbó níbẹ̀?

Ọmọ Àkàbà
Ẹ wá gun ọ̀nà tí mo gbà débẹ̀ lásìkò òjò, ẹ ó mọ èwo ni ti igbó.

Ayàwòrán Pobè
Kí ẹ tó na ara yín, ẹ jẹ́ kí a padà sórí ọyẹ́ tí Àǹtí Adúnní sọ, nítorí ẹ̀rọ ni ó ń bà jẹ́ ju ojú ọ̀run lọ. Eruku ọyẹ́ kúnná tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń wọ inú kámẹ́rà nígbà tí a bá ń pààrọ̀ lẹ́ńsì. Ẹ lè má mọ̀ bí ẹ bá ṣí ojú lẹ́ńsì gbòòrò, ní f/2.8 fún àpẹẹrẹ, ṣùgbọ́n ní f/16 tí a fi ń ya òkè, tótòtó dúdú yóò kún gbogbo ojú ọ̀run. Inú ọkọ̀ tí a ti gbé fèrèsé rẹ̀ sókè ni mo ti ń pààrọ̀, mo sì máa ń dojú kámẹ́rà kọlẹ̀. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ, nítorí itọ́ burú ju eruku lọ.

Ìyá Ìbejì Àjàṣẹ́
Ti yín tilẹ̀ gbẹ. Ọ̀rinrin etí ọ̀sà ń hu olú sínú lẹ́ńsì wa níhìn-ín. Ó máa ń dà bí okùn aláǹtakùn tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín gíláàsì, bí ó bá sì ti jẹ gíláàsì náà, kò ṣeé tún ṣe mọ́. Inú ike tí ó ní ìdérí líle ni mo ń kó tèmi sí, pẹ̀lú àwọn àpò kéékèèké tí ń fa omi, irú èyí tí wọ́n máa ń fi sínú páálí bàtà. Bí ẹ bá sùn sí yàrá ẹ̀rọ amúlétutù, ẹ di kámẹ́rà sínú ọ̀rá kí ẹ tó gbé e jáde, kí ó fara mọ́ ooru ìta ná, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìrì yóò bò ó.

Bàbá Táyé
Ìrẹsì gbígbẹ ni èmi ń lò.

Ìyá Ìbejì Àjàṣẹ́
Bàbá Táyé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ se ìrẹsì yẹn jẹ. Ìyẹ̀fun ara rẹ̀ ń wọ ibi tí eruku ń wọ̀.

Àgbà Igbó
Mo ti ń ka gbogbo rẹ̀ láìsọ nǹkan. Igbó Pendjari, ọgbà ẹranko ní àríwá, ni iṣẹ́ tèmi wà láyé ìjọhun. Láti oṣù kejì sí oṣù kẹrin, nígbà tí omi bá ti gbẹ nínú igbó, a máa ń jókòó sẹ́bàá adágún Bali títí erin yóò fi wá mumi. Ẹ kò ní gbọ́ ẹsẹ̀ wọn. Ẹ̀ka igi tí wọ́n bá ṣẹ́ ni ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́. Ní oṣù karùn-ún 2019, wọ́n jí àwọn àlejò ará Faransé méjì gbé níbẹ̀, wọ́n sì pa ọmọ ilẹ̀ wa tí ó ń mú wọn lọ́nà. Láti ìgbà náà ni n kò ti lọ mọ́. Àwọn ọ̀dọ́ kan ní ojo ni mí. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́ ojo. Ẹni tí ó kú nínú wọn, iṣẹ́ tí àwa náà ń ṣe ni ó wà lẹ́nu rẹ̀, orúkọ àwọn àlejò ni àwọn ènìyàn sì ń dá.

Ọmọ Ọdẹ
Bàbá, a kò lè pè yín lójo. Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹni tí ó kú náà sáfẹ́fẹ́ rere.

Adúnní Kajú
Àmín. Mo fẹ́ fi kún un pé ọmọkùnrin tí ó mú mi gun òkè, mo fún un nínú owó àwòrán náà, torí ojú rẹ̀ ni wọ́n rà. Ẹ̀yin tí ẹ ń jà lórí owó òkè, ṣé ẹ ń fún àwọn tí wọ́n ń mú yín lọ́nà?

Àjàṣẹ́ Kò Sùn
Owó iṣẹ́ òòjọ́ ni mo ń san. Bí mo bá tún ń pín nínú owó àwòrán, kí ni yóò kù fún epo?

Ọmọ Ọdẹ
Ẹ rí i báyìí. Ẹ̀gbọ́n fẹ́ ìwé owó lọ́wọ́ àwọn onílé, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kò fẹ́ pín.

Ọmọ Òkè Sábẹ̀
Ẹ má jà o. Ìyá mi bi mí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé nígbà tí mo bá ya erin, ta ni ń sanwó, ṣé erin ni. N kò tíì rí èsì fún wọn.

Ọmọ Àkàbà
Ìbéèrè kan kí ń tó sùn: mo fẹ́ lọ sí Natitingou lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀, ó sì ju 500 kìlómítà lọ láti Kútọnù. Ṣé kí n wọ ọkọ̀ òru?

Bàbá Táyé
Má wọ̀ ọ́. Ọkọ̀ akẹ́rù tí kò tan iná pọ̀ jù lójú ọ̀nà yẹn lóru. Wọ ti àárọ̀ kùtù, gbé kámẹ́rà lé ẹsẹ̀ rẹ, má jẹ́ kí wọ́n gbé e sórí ọkọ̀, kí o sì kọ gbogbo ẹ̀rọ rẹ pẹ̀lú nọ́ńbà ara wọn sínú ìwé kan, torí àwọn ọlọ́pàá yóò bi ọ́ ibi tí o ti rí lẹ́ńsì gígùn yẹn.