Ṣé ó yẹ kí wọ́n máa ṣe apá kejì fíìmù àròsọ sáyẹ́ǹsì àtijọ́?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, fíìmù tó ti dáa tẹ́lẹ̀, kí ni wọ́n tún ń wá níbẹ̀? Àbí owó nìkan ni?

Èsì 1: Owó kẹ̀! Ṣùgbọ́n ẹ wo Aliens ti 1986, ẹranko abàmì kan péré láti òfuurufú ló ń ṣọdẹ àwọn èèyàn nínú Alien, apá kìíní rẹ̀ ti 1979, James Cameron tó darí apá kejì wá sọ ọ́ di ogun àwọn sójà, ó sì dùn gan-an.

Èsì 2: Blade Runner náà ńkọ́, ọdún 35 kí apá kejì rẹ̀, Blade Runner 2049, tó jáde, síbẹ̀ wọn ò sọ bóyá èèyàn gidi ni Deckard, olú ẹ̀dá-ìtàn apá kìíní, àbí èèyàn àtọwọ́dá.

Èsì 3: Ẹ ò mẹ́nu ba Terminator o! Apá kejì ní 1991 gbayì, wọn ò jẹ́ ó sinmi, wọ́n tún ṣe mẹ́rin sí i, ti 2019 tiẹ̀ pa John Connor níbẹ̀rẹ̀, ọmọ tí wọ́n fi odindi apá kejì yẹn gbà là. Inú bí mi!