Zorki-4: àwòrán méjèèjì kò pàdé nínú rangefinder

ọmọ_fíìmù
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Kámẹ́rà fíìmù Zorki-4 ni, lẹ́ńsì Jupiter-8 50mm f/2 ló wà lójú rẹ̀. Rangefinder rẹ̀ (ohun tó ń fi àwòrán méjì hàn, tí wọ́n máa ń pàdé bí lẹ́ńsì bá ti bá ohun tá à ń wò mu) ló ń dà mí láàmú. Bí mo bá yí lẹ́ńsì dé ∞ (àmì ibi tó jìnnà jù lọ) tí mo wo òpó nẹ́tíwọ̀kì ọ̀ọ́kán, àwòrán kejì máa ń wà lápá ọ̀tún èkíní, ó sì tún ga jù ú lọ díẹ̀. Ó ti ṣá pẹ̀lú, àfi nínú oòrùn ni mo fi ń rí i. Ṣé dandan ni kí n ṣí orí kámẹ́rà? Skrúù wo ni kí n yí?

dígí_àti_skrúù
Ẹ má tíì ṣí orí rẹ̀. Iwájú ni wọ́n ti ń tún òró (sókè sódò) àti ìbú (sọ́tùn-ún sósì) ṣe. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan skrúù kankan, ẹ wádìí lẹ́ńsì fúnra rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ rangefinder tí wọ́n ń dá lẹ́bi kò ṣẹ̀.

Ẹ yọ ẹ̀yìn kámẹ́rà (odindi ló ń yọ lára Zorki-4, ohun tó fi rọrùn ju Leica oní-skrúù lọ nìyẹn). Ẹ na sẹ́lótéèpù tí kò dán sórí irin méjì ti inú tí fíìmù ń gbà kọjá. Ẹ kọ́ shutter (ìbòjú tó ń ṣí kí ìmọ́lẹ̀ lè dé ara fíìmù), ẹ gbé e sí B (kì í pa dé títí ẹ ó fi jọ̀wọ́ rẹ̀), kẹ́ ẹ fi wáyà tó ní ìdè tẹ̀ ẹ́ kó wà ní ṣíṣí. Ní f/2 (ibi tí ojú lẹ́ńsì yìí ti ṣí jù lọ) àti ∞, ẹ fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá wo òpó yẹn lórí téèpù. Bó bá mọ́ kedere, lẹ́ńsì dára. Bó bá jẹ́ ìgbà tẹ́ ẹ yí i dé 20 m ló tó mọ́, òrùka pẹlẹbẹ tó wà láàárín gíláàsì àti ìdí lẹ́ńsì ti tín-ín-rín jù tàbí ó ti sọnù. Ẹ fi kún un. Bí kò bá mọ́ rárá dé ∞, òrùka náà ló nípọn jù.

Ó wá kan rangefinder. Òró ló ṣáájú. Ẹ fi rọ́bà di òrùka ihò róbótó kékeré iwájú mú, kẹ́ ẹ tú u. Gíláàsì kan wà nínú rẹ̀ tí ẹ̀gbẹ́ kan nípọn ju èkejì lọ. Bẹ́ ẹ bá ń yí i, àwòrán á máa lọ sókè sódò, á sì tún máa fà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìdí nìyẹn tí ìbú fi ń kẹ́yìn. Fún ìbú, ẹ tú skrúù kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò yẹn. Ìdérí lásán ni. Skrúù gidi wà nínú ihò tó bò. Díẹ̀díẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa yí i. Kí ohun tẹ́ ẹ ń wò sì jìnnà tó kìlómítà kan. Ògiri òdìkejì títì kì í ṣe ∞.

Òjìji35
Òótọ́ ni Ọ̀gá sọ, àmọ́ mi ò fara mọ́ sẹ́lótéèpù. Ó máa ń wú. Ní f/2, bó bá fi 0.1 mm péré kúrò níbi tó yẹ, àmì tóótó kan á fẹ̀ tó 0.05 mm, ó sì ti kọjá 0.03 mm tí wọ́n ń gbà láàyè fún fíìmù 35mm. Ẹ gé ike tó le tó sì tẹ́jú, ẹ fi sándípépà kíkúnná ha ojú kan, kí ojú tẹ́ ẹ ha kọjú sí lẹ́ńsì.

Bí ∞ bá ti pé, ẹ wo 1 m. Ibi tí fíìmù ń jókòó lẹ ó ti wọ̀n ọ́n, kì í ṣe imú lẹ́ńsì. Ibi tó mọ́ ní f/2 níbẹ̀ kò ju bíi 4.5 cm lọ, nígbà tí f/8 ń fúnni ní bíi 18 cm. F/8 máa ń bo àṣìṣe mọ́lẹ̀, torí náà f/2 ni kẹ́ ẹ fi dán an wò. Bí àwòrán kò bá pàdé, ẹ tú lẹ́ńsì, ẹ fi ìka ti ahọ́n irin tó wà nínú ọ̀fun kámẹ́rà (òun ni lẹ́ńsì fi ń darí rangefinder), kẹ́ ẹ sì fi í sílẹ̀. Kíá ló yẹ kó padà. Bó bá ń fà, gíríìsì àtijọ́ ló ti gan, kò sí skrúù tó lè tún ìyẹn ṣe. Bó bá ń padà dáadáa, ẹ dẹ skrúù tó di ahọ́n náà mú, ẹ yí i díẹ̀, kẹ́ ẹ tún ∞ ṣe padà, torí ọ̀kan máa ń da èkejì rú. Ẹ má fi plíyà tẹ̀ ẹ́.

ọmọ_fíìmù
Ẹ ṣeun gan-an. Àwòrán tó ṣá ńkọ́?

dígí_àti_skrúù
Ẹ kọ́kọ́ nu gíláàsì ìta. Lẹ́yìn náà, ẹ gé téèpù dúdú kékeré kan, bíi 3 mm, kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ àárín fèrèsé ńlá iwájú, kó bọ́ sí ibi tí àwòrán kejì ń hàn gan-an. Ó máa dí ìmọ́lẹ̀ tààrà níbẹ̀, àwòrán kejì á sì yọ. Ó ń ṣiṣẹ́ ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ.

Bí kò bá tó, ẹ wá ṣí orí rẹ̀. Rọ́bà afẹ́fẹ́ nìkan ni kẹ́ ẹ fi fẹ́ dígí inú. Ẹ má fi òwú tàbí ọtí nù ún. Àwọ̀ tó wà lójú rẹ̀ á bó, ẹ ó sì máa wá dígí tuntun. Kẹ́ ẹ tó yọ bọ́tìnnì ìyára shutter, ẹ kọ́ shutter, ẹ ya fọ́tò ibi tó dúró sí. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá dá a padà, ẹ má yí i láìkọ́ shutter.