Ṣé lóòótọ́ ni pé wọ́n fẹ́ máa gbowó orí lórí ìsó màlúù?

Ọmọ Òkè-Ògùn:
Ẹ káalẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Mo fẹ́ ra màlúù mẹ́fà kí n so wọ́n mọ́lẹ̀ kí n máa bọ́ wọn títí di Iléyá, mo ti kọ́ ilé wọn tán, mo ti ń kó èèpo ẹ̀gẹ́ jọ, àfi bí àbúrò mi tó wà ní London ṣe pè mí lálẹ́ àná tó ní kí n rọra o, pé ní Dẹ́ńmáàkì ìjọba ti ṣòfin pé àgbẹ̀ á máa sanwó lórí ìsó màlúù. Mo rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú mi. Ó ní òun ò ṣeré. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé kò sì ní dé ọ̀dọ̀ wa báyìí? Ẹ ṣáà mọ ìjọba wa, tó bá ti jẹ́ ti ká gbowó, kì í pẹ́ tí wọ́n fi ń gbọ́.

Àkàndé Ẹlẹ́ran:
Òótọ́ ni, àmọ́ kì í ṣe ìsó o, gùfẹ̀ ni. Ẹ lọ jókòó ti màlúù tó ń jẹ àpọ̀jẹ lọ́sàn-án, ẹ ó rí nǹkan kan tó ń gòkè lọ́rùn ẹ̀ bíi bọ́ọ̀lù kékeré, á jẹ ẹ́, á gbé e mì, á wá gùfẹ̀. Inú ṣàkì tí à ń jẹ nínú ọbẹ̀ yẹn gan-an ni àwọn kòkòrò tí ojú ò lè rí ti ń bá a po koríko, ibẹ̀ ni gáàsì methane ti ń wá, ẹnu ni èyí tó pọ̀ jù ń gbà jáde. Tọ́ọ̀nù kan ẹ̀ ń mú ayé gbóná tó bíi tọ́ọ̀nù 28 gáàsì kábọ́ọ̀nù (CO2) téèyàn bá kà á fún 100 ọdún.

Ti Dẹ́ńmáàkì, 2024 ni wọ́n fẹnu kò, 2030 ló máa bẹ̀rẹ̀, 300 krone, ìyẹn owó wọn, lórí tọ́ọ̀nù kan tí wọ́n bá ti ṣírò methane náà sí kábọ́ọ̀nù, á di 750 ní 2035. Àmọ́ wọ́n yọ ìdá 60 nínú 100 fún àgbẹ̀, ti 300 yẹn á ku 120. Màlúù kan ń tú bíi tọ́ọ̀nù 6 jáde lọ́dún ní ìṣirò kábọ́ọ̀nù yẹn, ẹ ṣírò ẹ̀, bíi 100 dọ́là lórí màlúù kan nìyẹn. Ẹlẹ́dẹ̀ náà wà níbẹ̀ o.

Sùúrù Lérè:
Ẹ̀gbọ́n Àkàndé, ẹ jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ ná. New Zealand náà sọ bẹ́ẹ̀ ní 2022, àwọn àgbẹ̀ gbé katakata jáde sí ìgboro, ìjọba mìíràn dé, wọ́n pa á tì ní 2024. Wọ́n ti dán an wò rí ní 2003, aṣòfin kan fi katakata gun àtẹ̀gùn ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn! Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ ló ń tú bí ìdajì gáàsì ilẹ̀ wọn jáde. Ta ló wá fẹ́ lọ máa ka gùfẹ̀ ní gáà níbí?

Ìyá Wàrà:
Kò sẹ́ni tó máa kà á, àmọ́ ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Mo máa ń ra wàrà tútù lọ́wọ́ àwọn ìyàwó Fúlàní, màlúù kan, lítà kan láàárọ̀, tó bá pọ̀ tán méjì, torí ọmọ ẹ̀ náà gbọ́dọ̀ mu. Ti Dẹ́ńmáàkì ń fún wọn ní bíi lítà 30 lójúmọ́. Àwọn méjèèjì ló ń gùfẹ̀! Tẹ́ ẹ bá pín gùfẹ̀ sórí lítà, tiwa ló burú jù, ebi àti ìrìn sì wà lára ohun tó fà á.

Ọmọ mi, ìwọ tó o fẹ́ so tìẹ mọ́lẹ̀, òfin Ọ̀yọ́ ti 2019 tó ní ká má da ẹran kiri ò kàn ẹ́. Bọ́tọ́ ni kó o rò. Má jẹ́ kó jókòó sínú kòtò olómi, methane tiẹ̀ á máa jáde, òórùn ẹ̀ á sì kó àdúgbò wá bá ẹ. Máa kó o síta kó gbẹ, àwọn tó ń gbin tòmátì á wá rà á.

Ọmọ Òkè-Ògùn:
Ẹ ṣé gan-an mà. Èèpo ẹ̀gẹ́ yẹn ńkọ́, ṣé mo lè fún wọn ní tútù?

Àkàndé Ẹlẹ́ran:
Háà, rárá o! Májèlé wà nínú ẹ̀. Sá a sóòrùn kó gbẹ táútáú kó o tó gbé e síwájú wọn.