Ìdáhùn: “Aṣẹ̀dá-ọnà” kò tọ́ sí ẹ̀rọ ayàwòrán

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o.

Mo ka lẹ́tà tí ẹ̀gbọ́n wa kọ ní alẹ́ àná, níbi tí wọ́n ti ní kí a máa pe àwọn ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán láti inú ọ̀rọ̀ tí a bá tẹ̀ sí wọn, bíi Midjourney àti DALL-E, ní “aṣẹ̀dá-ọnà”. Mo kúnlẹ̀ ná kí n tó sọ̀rọ̀, torí wọ́n jù mí lọ, wọ́n sì ti fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ni ní èdè yìí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà há mi lọ́fun.

Ẹ wo “dá” tó wà nínú ṣẹ̀dá. Òun ló wà nínú ẹ̀dá, òun náà ló wà nínú dárà. Bí akọrin bá bẹ̀rẹ̀, a ní ó dá orin; àwọn tó tẹ̀lé e, gbígbè ni wọ́n ń gbè. Ta ló gbọ́ ọ rí pé elégbè ló dá orin?

Wọ́n á ní “àtọwọ́dá” tí gbogbo wa ń lò nínú ọgbọ́n àtọwọ́dá (AI) náà ní dá nínú. Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ ọwọ́ ta ló dá a? Ọwọ́ ènìyàn. Bí ẹ bá ti fi a- síwájú ṣẹ̀dá, ẹ ti sọ ohun tí a dá di ẹni tó ń dá nǹkan.

Arábìnrin kan gbè wọ́n lẹ́yìn láti London pé a- kì í ṣe ti ènìyàn nìkan: ẹ wo agboòrùn, amúlétutù, asọ̀rọ̀mágbèsì, amóhùnmáwòrán. Òótọ́ ni, n kò bá a- jà. Àmọ́ ibi tó ti ní “má” kan náà ló wà nínú méjì tó gbẹ̀yìn, rárá o. Ti asọ̀rọ̀mágbèsì, má ti ìkọ̀ ni: ó ń sọ̀rọ̀, kò gba èsì. Ti amóhùnmáwòrán, mú àti àwòrán ló sún kì.

Àwọn àgbà tó sọ rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì wo ohun tó ń ṣe, wọ́n wo ohun tí kò lè ṣe, wọ́n kó méjèèjì sínú orúkọ kan ṣoṣo. Ibẹ̀ ni mo ti mú orúkọ tí èmi fẹ́ kí a pe ẹ̀rọ ayàwòrán: ayàwòránmáríran, ó ń yàwòrán, kò ríran. Àkójọ àwòrán orí ayélujára tí wọ́n ń pè ní LAION-5B, tí wọ́n fi apá kan rẹ̀ kọ́ ẹ̀rọ ayàwòrán mìíràn, Stable Diffusion, lé ní bílíọ̀nù 5 àwòrán, tòun ti ọ̀rọ̀ tó bá ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn rìn. Ẹ̀rọ náà ń ṣírò irú àwọ̀ àti ìlà tó máa ń bá irú ọ̀rọ̀ wo rìn. Kò fojú rí ọ̀kankan nínú wọn.

Ẹ̀gbọ́n ní bí ẹ̀rọ ṣe ń kọ́ lára iṣẹ́ ẹlòmíràn, ọmọ-iṣẹ́ náà ń wo ti ọ̀gá rẹ̀ ṣe ni. Ìdílé agbẹ́gilére ni Làmídì Fákẹ́yẹ ti wá ní Ìlá Ọ̀ràngún, síbẹ̀ ó tún lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ agbẹ́gilére mìíràn, Bándélé, ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Ó wo tọ̀gá ṣe lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bàbá bàbá mi náà gbẹ́gi, mo sì jókòó tì wọ́n nígbà èwe mi. Bí wọ́n bá bá kókó pàdé nínú igi, wọ́n á dáwọ́ dúró, wọ́n á wò ó títí, kókó náà á wá di ìdodo ère. Ohun tí mo mọ̀ sí dídá nìyẹn.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, Malik Afegbua, ọmọ Nàìjíríà, fi Midjourney ya àwòrán àwọn àgbàlagbà tó ń yan níbi àfihàn aṣọ. Ayé pariwo, èmi náà sì yọ̀. Ta ló rò ó pé kí arúgbó jáde síta bẹ́ẹ̀? Malik ni. Òun ni aṣẹ̀dá. Bí a bá wá gbé orúkọ náà fún ẹ̀rọ, kí la ó máa pe Malik? Nínú ẹjọ́ Stephen Thaler, ẹni tó ní ẹ̀rọ òun ló ya àwòrán kan tó sì fẹ́ gba ẹ̀tọ́ àdàkọ lórí rẹ̀, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Washington sọ ní oṣù kẹta ọdún 2025 pé ènìyàn ló gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ kí òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ tó dáàbò bò ó. Ohun tí adájọ́ Amẹ́ríkà kò fún ẹ̀rọ, èdè wa ló máa wá fún un?

Ti ẹni tó ní “òye” ló yẹ dípò “ọgbọ́n” nínú ọgbọ́n àtọwọ́dá, n kò tíì gbà, màá padà sórí ìyẹn. Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ́kọ́ dáhùn ti Malik yẹn fún mi ná.